Ọsàn Bàbá Sàláwù Dé Ẹnubodè

Ọ̀sán gangan ni Múníráátù aránṣọ lá àlá yìí, kì í ṣe òru, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹun kó tó sùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iyán ló gbé e lọ. Ó ti kírun ọ̀sán tán, ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ ọ fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó ṣe rọ́ ọ ni mo fẹ́ rọ́ ọ fún yín, ẹ̀yin ará ilé, n kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọ inú àlá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé sọ́kàn sùn. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni Múníráátù, ẹ sì mọ àwa ará Ẹ̀jìgbò, ẹsẹ̀ wa kan ń bẹ nílé, ìkejì ń bẹ ní Àbíjàn. Bàbá rẹ̀, Bàbá Sàláwù, lọ sí Àbíjàn nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣòwò, ibẹ̀ ló ti darúgbó, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí Múníráátù tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ó sunkún débi pé kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Igi ọsàn kan wà tí bàbá náà gbìn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó sì ti hu ọmọ sábẹ́. Sàdíkù, àbúrò Múníráátù tó ń gbé Àbíjàn, hú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ igi náà, ó gbìn ín sínú agolo mílíìkì. Múníráátù ní kó bu erùpẹ̀ orí sàréè bàbá wọn sínú agolo náà, kó fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní bí òun kò bá tilẹ̀ rí ojú òkú, kí òun rí ilẹ̀ tó bò ó.

Ọ̀nà tó tọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń ti òkèèrè wọ̀lú. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló dá a lóhùn níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Obìnrin náà ṣàlàyé fún un pé ó ní láti gba ìwé àṣẹ níhìn-ín kí igi náà tó kúrò lọ́hùn-ún. Pé àwọn ti ọ̀hún náà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò kọ ìwé pé kò lárùn, kò ní kòkòrò. Pé bó bá sì dé, wọn yóò yà á sọ́tọ̀, wọn yóò máa wò ó fúngbà díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èyí tó wá dun Múníráátù jù lọ ni pé kò gbọdọ̀ sí erùpẹ̀ kankan nídìí rẹ̀. Obìnrin náà ní inú erùpẹ̀ ni ohun tí ojú kò tó máa ń sá pamọ́ sí.

Ìbínú ló gbé dé ilé. Làmídì, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó máa ń wakọ̀ láti Ẹ̀jìgbò lọ sí Àbíjàn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni òun yóò ti agolo náà bọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò rí i. Làmídì ti wà ní Àbíjàn lọ́jọ́ náà, ó sì ń múra àtibọ̀ wálé. Múníráátù kò sọ fún un pé kó gbé e, kò sì sọ pé kó má gbé e. Ibi tó ti ń rò ó ni oorun ti gbé e.

Nínú àlá náà, ó ń rán ṣòkòtò fún ọkùnrin kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èyí kò yà á lẹ́nu. Ohun tó ń dà á láàmú ni bóyá aṣọ náà á tó. Ilẹ̀kùn ṣí, igi ọsàn kékeré wọlé. Fìlà Bàbá Sàláwù ló dé, ó fi agolo mílíìkì ṣe bàtà. Múníráátù bínú díẹ̀ pé kò bọ́ bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta, nítorí pé àlejò ni.

Igi náà kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ó ní, “Ẹ dìde ká lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fẹ́ ti ẹnubodè.”

Múníráátù bi í léèrè ìdí tó fi ń pe òun ní ẹ̀gbọ́n. Igi náà ní bàbá kan náà ló gbin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Múníráátù ló ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i létí. Ó mú un ní ewé bí ẹni mú ọmọdé lọ́wọ́, wọ́n sì jáde.

Ìta tó mọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Òkun ni, okùn kan tín-ín-rín sì na gba orí rẹ̀ kọjá bí èyí tí à ń sá aṣọ sí. Ẹnubodè nìyẹn. Ọ́fíìsì wà lókè réré, ó ń rà bàbà bí àwòdì. Òwú ìránṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ èèkàn, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ sí ìlú onílùú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti fa òwú náà kó lè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sún mọ́lẹ̀ tán, ẹnì kan nínú ibẹ̀ á lu òǹtẹ̀, gbì, ọ́fíìsì á tún ta sókè.

Èrò ti tò síbẹ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó kan pọn ọmọ, ó ń jó fún un kó má bàa sunkún. Àpò ẹ̀wà kan ń tòògbé. Iṣu kan tó ti dàgbà, tó fọwọ́ lẹ́rán, jókòó sórí àpótí. Múníráátù kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi iṣu bóyá ó ti pẹ́ níbẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni iṣu wí, “láti ìgbà tí mo ti wà ní èbù ni.”

Iṣu ṣàlàyé pé kì í ṣe pé òun kò gba ìwé. Òun gba èyí tó sọ pé ara òun dá ṣáká. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa kọ ọ́ tán, òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, wọ́n sì ní iṣu inú ìwé kò ní irùngbọ̀n. Múníráátù rò ó lọ rò ó bọ̀, ó rí i pé wọ́n jàre. Iṣu náà gbà pé wọ́n jàre. Ohun tó kàn ń dun òun, ó ní, ni pé òun kò lè dúró kí òun má hù.

Nígbà tó kan Múníráátù, kò fa òwú náà rárá. Ó rọra ń ká a mọ́ ìka bí ó ṣe máa ń ká òwú sára bọ́bìnì, ọ́fíìsì náà sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí aṣọ tó já lórí okùn. Òun àti àbúrò rẹ̀ igi ọsàn wọlé.

Obìnrin tó wọ awò ló wà nínú ibẹ̀. Ó béèrè orúkọ àlejò, wọ́n ní Ọsàn. Ó béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe, wọ́n ní ọmọ Sàláwù. Ó béèrè bóyá ara máa ń yún un. Igi náà ní ó máa ń yún òun díẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé. Obìnrin náà na ọwọ́ gba ìwé kan tí Múníráátù kò mọ ibi tí òun ti rí i, àmọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe tẹrí ba láti kà á ni irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀. Bí ó ṣe ṣí ojú ewé kejì ni ìwo yọ. Kó tó gbé orí sókè, ó ti di ewúrẹ́ pátápátá, awò náà sì wà nímú rẹ̀ síbẹ̀.

Múníráátù bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ kéèyàn kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó ní ipò là ń kí, a kì í kí ìwo. Ó kúnlẹ̀.

Ewúrẹ́ dáhùn ìkíni náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ki ìwé bọnu. Múníráátù rọra sọ fún un pé ìwé òun nìyẹn.

“Mo mọ̀,” ni ewúrẹ́ wí. “Bí a ṣe ń kà á níbí nìyẹn.”

Ó kà á dé ìlà ìkẹyìn, ó gbé e mì. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ dára, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan erùpẹ̀. Ó ní kí Múníráátù da erùpẹ̀ inú agolo yẹn nù.

“N kò lè dà á nù, mà,” ni Múníráátù wí. “Erùpẹ̀ orí bàbá mi ni.”

Ewúrẹ́ bọ́ awò, ó fi etí nù ún. Kò bínú. “Gbogbo erùpẹ̀ ló jẹ́ erùpẹ̀ orí bàbá ẹnì kan,” ni ó wí. “Kì í ṣe bàbá rẹ là ń lé padà. Ẹni tó bá a wọkọ̀ ni.”

Kí Múníráátù tó béèrè ẹni náà, erùpẹ̀ inú agolo sọ́ sókè díẹ̀, kòkòrò kan sì jáde. Kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Ó wọ kóòtù, ó gbé báàgì kékeré dání, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Múníráátù. Múníráátù ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì rí ẹni tí ìwà rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nubodè rí. Kòkòrò náà bẹ̀bẹ̀ pé òun bá wọn wọkọ̀ láìsọ. Ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá béèrè bóyá ọsàn wà ládùúgbò ibi tí wọ́n ń lọ.

Wọn kò tọ́ Múníráátù kó má dá ọmọlúàbí lóhùn. Ó sọ fún un nípa Bàbá Oyèédòkun, àgbàlagbà tí oko ọsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀yìnkùlé òun parí sí. Ó sọ bí bàbá náà ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi kọ̀ọ̀kan nígbà èwe, bí ó ṣe fi owó ọsàn rán àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé, bí ó ṣe máa ń gbé agbọ̀n ọsàn sẹ́nu ọ̀nà òun ní àsìkò ìkórè láìjẹ́ pé òun tọrọ. Kòkòrò náà ń mi orí, ó ń dá itọ́ mì. Ó ní òun á fẹ́ lọ kí irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Múníráátù wá béèrè ìwé tirẹ̀. Kòkòrò náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èmi kì í gba ìwé, Àǹtí,” ó ní. “Ìfẹ́ tí ẹ ní sí bàbá yín ni mo wọ̀ wá.”

Ewúrẹ́ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òwú já, igbe ewúrẹ́ lásán ló jáde. Ọ́fíìsì gbéra. Múníráátù wo iwájú, ó rí Làmídì tó di ìdarí ọkọ̀ mú. Làmídì ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò rí wọn. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó rí wọn. Wọ́n fò kọjá lórí okùn, wọ́n fò kọjá lórí ìlú àti igbó, àwọn aṣọ́bodè ìsàlẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n balẹ̀ sí Ẹ̀jìgbò, láàárín oko ọsàn Bàbá Oyèédòkun gan-an.

Igi wà lórí ìlà bí wọ́n ṣe máa ń wà, ṣùgbọ́n kò sí ewé kan lórí wọn. Ilẹ̀ ni gbogbo ewé wà, ó ya jálajàla bí àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì aránṣọ. Ọsàn ti di bọ́tìnnì, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó, tó. Bàbá Oyèédòkun jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ ewé kan sórí itan, ó ń fi ọwọ́ nà án kó lè gún.

Bàbá náà ní, “Múníráátù, ìwọ lo mọ abẹ́rẹ́. Bá mi rán wọn padà.”

Ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó rán ewé kan mọ́ ẹ̀ka, iṣẹ́ náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rírán kò hàn. Kó tó gé òwú, òmíràn ti bọ́. Ó rán ìyẹn, méjì bọ́. Ó ń rán, wọ́n ń bọ́. Ìgbà tó gbójú sókè láti sinmi ọrùn ló rí kòkòrò yẹn. Ó ti bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó sì ti di baba ńlá. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ kún orí igi gbogbo, gbogbo wọn wọ kóòtù, gbogbo wọn sì dọ̀bálẹ̀ fún Múníráátù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ìyá wa.”

Látìgbà tí àlá náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àyà Múníráátù ti kọ́kọ́ já. Ewúrẹ́ tó ń jẹ ìwé kò dẹ́rù bà á, ọ́fíìsì tó ń fò kò dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ọpẹ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí òtútù.

Bàbá Oyèédòkun kò jágbe mọ́ ọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè pé, “Ta ló bá ọ wá?”

“Bàbá mi ni, sà.”

Bàbá náà wò ó títí. “Mo mọ Sàláwù,” ó ní. “Àwa méjèèjì la jọ ṣe kékeré. Kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni láìké àgò. Kì í ṣe òun lo mú wá yìí.”

Múníráátù dìde. Ó ní òun á lọ pe bàbá òun wá jẹ́rìí. Ó fi ọwọ́ pín ẹ̀ka igi méjì bí ẹni ká aṣọ ojú ilẹ̀kùn, òkun sì tún wà níbẹ̀, okùn tín-ín-rín náà sì wà lórí rẹ̀. Bàbá Sàláwù jókòó sórí àpótí ní òdìkejì, ó ń bó ọsàn. A kì í jẹun lójú àlá, Múníráátù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti múra láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá náà kò tilẹ̀ fi lọ̀ ọ́. Èyí dùn ún díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ láti dá okùn kọjá.

“Dúró síbẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ibi tí okùn dé ni tìrẹ.”

Ó dúró. Ó sọ fún un pé wọ́n ti sin ín kí òun tó rí ọkọ̀ wọ̀. Bàbá náà ní òun mọ̀, òun náà kò kúkú lè dúró dè é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò tó ti rọ̀ kọjá. Múníráátù wá gbé agolo mílíìkì náà sókè kó lè rí i dáadáa.

“Bàbá, mo gbé yín wálé.”

Bàbá Sàláwù wo agolo náà bí a ṣe ń wo aṣọ tí kì í ṣe tẹni. Ó ní, “Èyí kọ́ ni èmi. Ilẹ̀ àwọn ará ibí ni, wọ́n yá mi ni mo fi bora. Ohun tí a yá, a kì í gbé e fún ẹlòmíràn.”

“Kí wá ni kí n gbé lọ sílé, Bàbá?”

Èèpo ọsàn ọwọ́ rẹ̀ kò já; ó gùn, ó gùn, ó ń wọ́ wọ inú omi lọ. Bàbá náà kò wò ó mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. “O ti wà nílé, Múníráátù,” ó ní. “Ìwọ náà kọ́ ni mo gbìn síbẹ̀?”

Àbúrò rẹ̀ igi ọsàn, tó ti dúró tì í látìgbà tí wọ́n ti jáde láìráhùn, bọ́ fìlà, ó sì yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú bàtà agolo. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Múníráátù kúnlẹ̀, ó rọra yí agolo náà dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún okùn. Erùpẹ̀ náà dà, kò pariwo. Lókè, ewúrẹ́ lu òǹtẹ̀, gbì.

Ó jí. Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn tó ti fi kọ́kọ́rọ́ tì kó tó sùn ṣì wà ní títì, ṣùgbọ́n àwọn eèrà ti gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú rírán, wọ́n gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kọjá, wọ́n ń lọ síbi agolo ṣúgà. Múníráátù jókòó, ó ń wò wọ́n. Ibi tó ti ń wò wọ́n ni fóònù ti dún. Làmídì ló ń pè láti gáréèjì ní Àbíjàn.

Inú Làmídì dùn. Ó ní Sàdíkù ti gbé agolo náà wá, òun ti fi ọ̀rá dì í, òun ti tì í sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, èrò ti pé, àwọn fẹ́ gbéra. Ó ní òun kàn ní kí òun fi ọkàn ẹ̀gbọ́n òun balẹ̀ ni.

“Làmídì,” ni Múníráátù wí, “gbé e sọ̀ kalẹ̀.”

Làmídì rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Múníráátù tún un sọ. Ó ní kó dá a padà fún Sàdíkù, kí Sàdíkù da erùpẹ̀ náà padà síbi tó ti bù ú, kó sì gbin igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Làmídì béèrè bóyá ẹnì kan wá halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní rárá. Ó béèrè bóyá kò fẹ́ igi náà mọ́ ni. Múníráátù ní òun fẹ́ ẹ, ó tilẹ̀ ń dun òun bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́la òun á padà lọ bá obìnrin tó wọ awò yẹn, òun á bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá pẹ́ kó pẹ́. Ó ní Bàbá Oyèédòkun kò ṣẹ òun.

Làmídì kò mọ bí ọ̀rọ̀ Bàbá Oyèédòkun ṣe wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nínú ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó pe ẹnì kan lọ́hùn-ún pé kó bá òun gbé ẹrù ẹ̀yìn.

Múníráátù ní, “Nígbà tí o bá tún ń lọ, fi àyè kan sílẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ lọ jókòó ti Bàbá díẹ̀.”

Ó gbọ́ tí Làmídì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ pa.

“Iwájú lẹ máa jókòó sí, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Làmídì wí.

Múníráátù gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá àwọn eèrà náà síta jẹ́jẹ́, ó ṣa àjákù aṣọ díẹ̀ nílẹ̀, ó ká a, ó sì kì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá, nítorí wọ́n ti ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́.